Ìbéèrè Tí Ẹ Máa Ń Gbé Wá sí Ọ́fíìsì Ọ̀nọ́rébù Wa n'Íjẹ̀bú-Òde, Àti Ìdáhùn Wọn

Ẹ kú déédéé ìwòyí o, ẹ̀yin ọmọ Alárè, àti ẹ̀yin ará Rẹ́mọ náà tí ẹ máa ń yà sọ́dọ̀ wa tẹ́ ẹ bá ti ná Ọjà Òkè-Ajé tán. Èmi lẹ máa ń kọ́kọ́ rí tẹ́ ẹ bá wọlé, obìnrin tó jókòó sídìí tábìlì lẹ́nu ọ̀nà, tí fáànù ẹ̀ ń han bí ewúrẹ́. Ọ̀nọ́rébù ló ní kí n kó àwọn ìbéèrè tí kì í tán nílẹ̀ jọ síbì kan, torí ohun tí mò ń rí níbí ni pé èèyàn á ti náwó sórí nǹkan ọ̀fẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, tàbí kó ti fi ọ̀sẹ̀ méjì kanlẹ̀kùn ẹni tí ọ̀rọ̀ ò kàn. Mi ò tò ó lẹ́sẹẹsẹ, bẹ́ ẹ ṣe ń bi mí ni mo ṣe kọ ọ́.

Kí tiẹ̀ ni iṣẹ́ Ọ̀nọ́rébù gan-an? Ṣebí títì ló yẹ kó máa ṣe fún wa?

Rárá o. Ọ̀nọ́rébù tiwa yìí, ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ Ògùn ló wà, l'Ókè Mosàn l'Ábẹ́òkúta, àwọn 26 sì ni wọ́n wà níbẹ̀. Òfin ni wọ́n ń ṣe, àwọn ló ń yẹ bọ́jẹ́ẹ̀tì gómìnà wò kí wọ́n tó fọwọ́ sí i, àwọn náà ló lè pe kọmíṣọ́nnà pé kó wá ṣàlàyé ibi tówó wọlé sí. Wọ́n yàtọ̀ sí sẹ́nétọ̀ o, sẹ́nétọ̀ kan ṣoṣo ló ń ṣojú gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán tó wà n'Íjẹ̀bú àti Rẹ́mọ l'Ábùjá, wọ́n sì yàtọ̀ sí àwọn ti ilé aṣojú-ṣòfin, Àbújá làwọn yẹn náà wà. Orúkọ ló da gbogbo ẹ̀ rú, gbogbo wọn la ṣáà ń pè ní Ọ̀nọ́rébù.

Àbádòfin, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n máa ń kà á. Lẹ́yìn ìkejì, ó máa lọ sọ́wọ́ ìgbìmọ̀ kan, ìgbìmọ̀ yẹn sì lè pe aráàlú pé kí wọ́n wá sọ tẹnu wọn. Ibẹ̀ gan-an ló yẹ ká ti máa pariwo, kì í ṣe ìgbà tí gómìnà bá ti buwọ́ lù ú tán tá a ó wá máa gbé ọwọ́ lérí. Tí ọjọ́ 30 bá kọjá tí gómìnà ò buwọ́ lù ú, ilé lè tún un gbé yẹ̀ wò, tí ìdá méjì nínú mẹ́ta bá sì gbà, ìyẹn èèyàn 18 nínú 26, ó dòfin nìyẹn, bóyá gómìnà fẹ́, bóyá ó kọ̀.

Òfin tí wọ́n ń ṣe l'Ábẹ́òkúta yẹn, kí ló kàn wá ńbẹ̀?

Hẹn-ẹn. Ẹ ti gbàgbé oṣù Keje ọdún 2025? Ọjọ́ 13 oṣù yẹn ni Awùjalẹ̀, Ọba Síkírù Káyọ̀dé Adétọ̀nà, wàjà lẹ́ni ọdún 91, lẹ́yìn ọdún 65 lórí ìtẹ́, ọjọ́ kejì ni wọ́n sì sin wọ́n ní ìlànà ẹ̀sìn Mùsùlùmí. Láyé àtijọ́, àwọn Òṣùgbó ni ìsìnkú ọba wà lọ́wọ́ wọn, ẹnikẹ́ni ò sì ní yọjú síbẹ̀. Ohun tó yí i padà ni òfin kan tí ilé aṣòfin wa ṣe, tí gómìnà buwọ́ lù ní oṣù Kíní ọdún 2022, tó fún ìdílé ọba láyè láti sin ọba bí ẹ̀sìn tó ń ṣe bá ṣe wí. Àwọn kan ní ó dáa bẹ́ẹ̀, àwọn kan ní wọ́n ti ta àṣà wa lọ́pọ̀, àríyànjiyàn ẹ̀ ò tíì tán títí dòní. Èmi ò dá sí i. Mo kàn fẹ́ kẹ́ ẹ rí i pé ìwé kan tí àwọn èèyàn 26 jókòó tì l'Ábẹ́òkúta ló wọ ààfin Awùjalẹ̀ yẹn, nígbà tí àbá yẹn sì wà nílẹ̀, mélòó nínú wa ló mọ̀ pé wọ́n ń jíròrò ẹ̀?

Títì àdúgbò wa ti di odò, góòtà ti dí, ta la máa bá?

Ẹ kọ́kọ́ wádìí irú títì tó jẹ́. Tó bá jẹ́ ti Èkó sí Ìbàdàn tàbí ti Ṣágámù lọ sí Ọ̀rẹ̀ àti Benin, ti ìjọba àpapọ̀ nìyẹn, sẹ́nétọ̀ àti ọmọ ilé aṣojú-ṣòfin ni kẹ́ ẹ lọ dì mú. Títì ńlá láàárín ìlú sí ìlú tí kì í ṣe ti àpapọ̀, ti ìpínlẹ̀ ni, ẹ wá sọ́dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n títì kékeré àdúgbò, góòtà, iná ojú títì, ààtàn, ọjà, gáréèjì, ibi ìsìnkú, káńsù ni. Ó wà nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999, lẹ́yìn ìwé níbẹ̀, wọ́n to gbogbo ẹ̀ kalẹ̀. Nítorí náà tẹ́ ẹ bá wà n'Ódogbolú, Odogbolú lẹ máa lọ, ará Ìjẹ̀bú-Igbó ní káńsù tirẹ̀, ará Ògbẹ̀rẹ̀ ní tirẹ̀, ará Ìṣarà náà ní tirẹ̀.

Tí wọ́n bá sì sọ fún yín ní káńsù pé àwọn ò lówó lọ́wọ́, ẹ rántí pé ní ọjọ́ 11 oṣù Keje 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ pé owó káńsù gbọ́dọ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ káńsù, kí ìpínlẹ̀ má fọwọ́ kàn án. Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá ó ti ń rí bẹ́ẹ̀.

Wọ́n wá mú bọ̀dá mi, wọn ò bá a nílé, ni wọ́n bá gbé màmá wa lọ. Ṣé ó bófin mu?

Kò bófin mu rárá àti rárá. Òfin ọlọ́pàá tó jáde ní 2020, abala 36, sọ ọ́ kedere pé wọn ò gbọ́dọ̀ mú ẹnì kan dípò ẹlòmíì. Kì í ṣe ìyá, kì í ṣe ìyàwó, kì í ṣe àbúrò. Ẹ lọ bá DPO wọn, ìyẹn ọ̀gá àgọ́ ọlọ́pàá náà, ní tòwọ̀tọ̀wọ̀, ẹ sọ abala yẹn fún un, ẹ mú lọ́yà dání tẹ́ ẹ bá ní, tẹ́ ẹ ò bá ní, Legal Aid Council wà fún ẹni tí ò lówó lọ́yà, ìjọba ló dá a sílẹ̀.

Ẹni tí wọ́n mú gan-an náà ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀, abala 35 ìwé òfin ilẹ̀ wa ló wà. Ó lè dákẹ́ títí tí lọ́yà ẹ̀ tàbí ẹni tó bá yàn á fi dé. Wọ́n gbọ́dọ̀ sọ ohun tó ṣe fún un, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, láàárín wákàtí 24, ní èdè tó gbọ́, ẹ kíyè sí ìyẹn o, torí màmá tí ò gbọ́ òyìnbó, wọ́n gbọ́dọ̀ sọ ọ́ ní Yorùbá fún wọn. Tí kóòtù bá wà láàárín kìlómítà 40 sí ibi tí wọ́n tì í mọ́, ọjọ́ kan péré ni wọ́n ní kí wọ́n tó gbé e dé kóòtù, àyàfi tó bá jẹ́ ẹ̀sùn tó la ikú lọ. Ìjẹ̀bú-Òde ní kóòtù, Ṣágámù ní kóòtù, kò sí pé ọ̀nà jìn. Kí wọ́n tì èèyàn mọ́lé láti ọjọ́ Jímọ̀ di ọ̀sẹ̀ kejì pé àwọn ṣì ń wádìí, wọ́n ń yan ẹ̀tọ́ ẹ̀ jẹ ni.

Ohun tẹ́ ẹ má fọwọ́ sí ni ìwé tẹ́ ẹ ò tíì kà. Ohun tẹ́ ẹ bá kọ síbẹ̀ ni wọ́n máa gbé lọ sí kóòtù.

Èló ni owó béèlì?

Òdo. Ọ̀fẹ́ ni béèlì. Wọ́n kọ ọ́ sára ògiri tó wà lẹ́yìn orí ẹni tó ń gba owó lọ́wọ́ yín. Èmi tí mò ń kọ èyí náà, kí n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbí, mo ti san án rí, àbúrò mi ni wọ́n mú ní tòru, mi ò ní dárúkọ ibẹ̀, mo yá owó lọ́wọ́ ìyá alájọ, mo rọ owó náà sínú páálí gàlá kí ẹnì kan má rí i, ọlọ́pàá ọ̀hún ní kí n gbé páálí náà sílẹ̀ kí n máa lọ. Inú ń bí mi di òní. Ẹni tó máa dúró fún èèyàn ni wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè, kì í ṣe owó.

Wọ́n ní obìnrin ò lè dúró fún béèlì, ṣé òótọ́ ni?

Irọ́ ni. Òfin ACJA ti 2015, tó ń sọ bí wọ́n ṣe gbọ́dọ̀ máa ṣe ẹjọ́ ọ̀daràn, kọ ọ́ pé wọn ò gbọ́dọ̀ torí pé ẹnì kan jẹ́ obìnrin kí wọ́n kọ̀ ọ́. Ìyá tó ní ilé alájà méjì, wọ́n á ní kó lọ pe ọkọ ẹ̀ wá, ọkọ tó ti kú láti ọjọ́ yìí!

Mo jẹ owó àjọ, olórí àjọ fi ọlọ́pàá mú mi. Ṣé ó tọ́?

Ẹ sanwó olówó, ìyẹn làkọ́kọ́. Àmọ́ gbèsè lásán kì í ṣe ọ̀rọ̀ àgọ́ ọlọ́pàá, òfin 2020 yẹn náà, abala 32, ní wọn ò gbọ́dọ̀ mú èèyàn torí gbèsè tàbí àdéhùn tó yẹ̀. Kóòtù ni wọ́n ń gbé e lọ. Ó yàtọ̀ o tó bá jẹ́ pé jìbìtì ni látìbẹ̀rẹ̀, bíi ẹni tó kó àjọ ọgbọ̀n èèyàn tó sì ti ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú kí ọjọ́ àjọ tó pé. Ìyẹn ọ̀daràn ni.

Wọ́n dá ọmọ mi dúró lójú títì, wọ́n ní kó ṣí fóònù ẹ̀.

Abala 37 ìwé òfin ilẹ̀ wa dáàbò bo ohun tó wà nínú fóònù wa bó ṣe dáàbò bo ilé wa. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún àwọn ọmọ yín kí wọ́n má bá ẹni tó gbé ìbọn dání jà lójú títì, kí wọ́n fi ohùn jẹ́jẹ́ béèrè ìdí, kí wọ́n wo orúkọ àyà ẹ̀ àti nọ́ńbà ọkọ̀, ká wá ti ibẹ̀ gbé ẹjọ́ ẹ̀ dìde. Ẹni tó wà láyé ló ń béèrè ẹ̀tọ́.

Àwọn ọmọ onílẹ̀ ní kí n san owó fáǹdéṣọ̀n, lẹ́yìn ẹ̀ owó dẹ́kìn, lẹ́yìn ẹ̀ owó òrùlé.

Ìbéèrè yìí ló pọ̀ jù lọ o, pàápàá láti ọ̀dọ̀ ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé l'Ékòó tẹ́ ẹ ń kọ́lé sílé. Òfin ìpínlẹ̀ Ògùn kan ti wà láti 2016 tó dojú kọ àwọn ajagungbalẹ̀, ẹni tó bá fipá wọ ilẹ̀ onílẹ̀ tàbí tó kó jàǹdùkú dání, ẹ̀wọ̀n ẹ̀ lè tó ọdún 25. Nítorí náà, ẹ má gbà pé àṣà ni. Ẹ ya fọ́tò, ẹ ká ohùn wọn sílẹ̀ tó bá rọrùn, ẹ kọ ọjọ́ àti iye tí wọ́n béèrè, kẹ́ ẹ gbé e lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá ní kíkọ, kẹ́ ẹ fi ẹ̀dà kan sílẹ̀ fún wa.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ síra wa. Ọ̀pọ̀ wàhálà yìí, ọjọ́ tá a rà á ló ti bẹ̀rẹ̀. Èèyàn á rí ilẹ̀ tówó ẹ̀ rọjú, á sanwó fún ọmọkùnrin kan tó wọ fìlà, wọ́n á fún un ní rìsíìtì, ó parí. Ilẹ̀ ẹbí, olórí ẹbí àti àwọn àgbà ìdí-igi kọ̀ọ̀kan ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i pọ̀. Tí olórí ẹbí ò bá sí níbẹ̀, òfo ni títà yẹn. Tí olórí ẹbí bá dá a tà láìsọ fún àwọn ìdí-igi tó kù, wọ́n ṣì lè lọ kóòtù kí wọ́n fagi lé e. Àwọn ọmọbìnrin ilé náà ní ìpín o, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún yín pé ẹ ti lọ sílé ọkọ. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ gbé nọ́ńbà tó wà lórí ìwé sọ́fẹ̀ ilẹ̀ náà lọ sí ọ́fíìsì àwọn sọ́fẹ́yọ̀ ìjọba l'Ábẹ́òkúta kí wọ́n bá yín wò ó bóyá ìjọba ti gbà á tàbí ẹlòmíì ti ní in. Òfin ilẹ̀ ti 1978 ti fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sábẹ́ àbójútó gómìnà, torí náà rìsíìtì ẹbí nìkan ò tó, ẹ tẹ̀ síwájú gba C of O, ìyẹn ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ tí ìjọba ń fúnni, tàbí ìyọ̀ǹda gómìnà. Ó ń náni lówó, mo mọ̀. Ilé tí wọ́n wó lé èèyàn lórí náà ń náni lówó.

Nọ́ńbà wo la máa pè tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀?

112 fún pàjáwìrì gbogbo, 122 fún Road Safety tí ọkọ̀ bá forí sọra. Àmọ̀tẹ́kùn, tí àwọn gómìnà ilẹ̀ Yorùbá gbé kalẹ̀ ní 2020, wà níbí náà, wọ́n mọ inú igbó wa ju àwọn tó ti ìlú míì wá lọ, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá mú, ọlọ́pàá ni wọ́n gbọ́dọ̀ fà á lé lọ́wọ́, wọn kì í ṣe kóòtù. TRACE tẹ́ ẹ ń rí lójú títì, ti ìpínlẹ̀ ni, tí wọ́n bá ṣẹ̀ yín, ìyẹn kàn wá níbí gan-an, ẹ gbé e wá.

Táńkà ṣubú lójú ọ̀nà Ṣágámù, àwọn ọmọ àdúgbò ń gbé kẹ́ẹ̀gì lọ. Kí la lè ṣe?

Ẹ sá. Ẹ kó àwọn ọmọ kúrò níbẹ̀, kẹ́ ẹ tó pe ẹnikẹ́ni. Àwa tá a wà láàárín Ṣágámù àti Ìjẹ̀bú-Òde, táńkà ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà wa tọ̀sán tòru, ojú wa ti mọ́ ọn débi pé a ò bẹ̀rù ẹ̀ mọ́, ìyẹn ló sì ń pa èèyàn. Afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára pẹtiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ tá à ń mí lọ, kì í fò lọ sókè, ilẹ̀ ló máa ń wọ́ lọ, á wọnú góòtà, á rìn títí dé ìdí ààrò ìyá alákàrà tí ò tiẹ̀ mọ̀ pé táńkà kankan ṣubú, iná á wá tọ ipasẹ̀ ẹ̀ padà. Sáílẹ́ńsà ọ̀kadà tó gbóná tó láti dáná sí i. Ní oṣù Kẹwàá 2024, ní Májíyà ní ìpínlẹ̀ Jigawa, àwọn tó sá lọ bu epo lára táńkà tó dojú dé, àwọn tó kú lé ní 100. Oṣù Kíní 2025, irú ẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ nítòsí Suleja. Kẹ́ẹ̀gì kan, ẹ dákun, èló la fẹ́ tà á?

Ibi tẹ́ ẹ bá dúró sí kó jìnnà dáadáa, kó sì jẹ́ apá ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ bọ̀, kì í ṣe ibi tó ń fẹ́ lọ. Ẹ pa iná ààrò, ẹ pa jẹnẹrétọ̀. Ká máa ṣe fídíò kọ́ la fẹ́.

Ọkọ mi ń lù mí, ọlọ́pàá ní ọ̀rọ̀ ilé ni kí n lọ bá ẹbí sọ ọ́.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilé, ọ̀ràn ni. Òfin tó ka ìwà ipá sí ọ̀ràn ti wà ní Nàìjíríà láti 2015, ìpínlẹ̀ wa náà ní tirẹ̀. Tó bá jẹ́ ìfipábánilòpọ̀, fún àgbà tàbí ọmọdé, ẹ má wẹ̀, ẹ má fọ aṣọ, ẹ gbé ẹni náà lọ sílé ìwòsàn kí wákàtí 72 tó pé, torí oògùn tó ń dènà kòkòrò HIV ò ṣiṣẹ́ mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Ilé ìwòsàn ìjọba wà n'Íjẹ̀bú-Òde, OOUTH, ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì, wà ní Ṣágámù. Tẹ́ ẹ bá wá sọ́dọ̀ wa, ẹ sọ pé èmi lẹ fẹ́ rí, yàrá kan wà lẹ́yìn, ẹ ò ní sọ ọ́ lójú èrò.

Ojúde Ọba: kí ló yẹ ká mọ̀ ká tó kó ọmọ wá?

Ọjọ́ kẹta Iléyá ni, ẹ ka ọjọ́ yín dáadáa torí oṣù ló ń pinnu Iléyá. Ti 2025, ọjọ́ 8 oṣù Kẹfà ló bọ́ sí, ìyẹn sì ni ìkẹyìn tí Kábíyèsí Adétọ̀nà máa ṣe. Àwọn Mùsùlùmí ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, tí wọ́n ń wá dúpẹ́ lọ́wọ́ Awùjalẹ̀ pé ó fún wọn láyè ẹ̀sìn, ní báyìí onígbàgbọ́, oníṣẹ̀ṣe, gbogbo wa la ń ran aṣọ. Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ á jó wọlé lẹ́gbẹ́lẹ́gbẹ́ bí ọjọ́ orí wọn bá ṣe rí, àwọn ìdílé Balógun, ìdílé Kúkù, ìdílé Odùnúgà, ìdílé Alátìṣẹ àti àwọn tó kù, á gun ẹṣin wá.

Ẹ má dúró sẹ́yìn ẹṣin. Mo mọ̀ pé láti 2024 tí fọ́tò ọ̀gbẹ́ni kan tó gun ẹṣin ti gba orí fóònù gbogbo wa, gbogbo èèyàn ló fẹ́ ya tirẹ̀, ẹṣin ò mọ̀ pé fọ́tò lẹ̀ ń yà, ìtapá ló mọ̀. Wọ́n máa ń yìnbọn ìbílẹ̀ níbẹ̀, ẹ fi òwú sétí ọmọ kékeré, kẹ́ ẹ jìnnà sí ẹnu ìbọn kódà tí wọ́n bá ní ẹ̀tù lásán ni. Ẹ kọ nọ́ńbà fóònù yín sínú àpò aṣọ ọmọ. Kùtùkùtù ni kẹ́ ẹ jí, tí aago mẹ́wàá bá lù, ibi tẹ́ ẹ máa gbé mọ́tò sí ti tán. Gèlè gíga? Ẹ wé e, àmọ́ ẹ jókòó sẹ́yìn.

Tí Agẹmọ bá ń jáde, ṣé wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ láti ní kí obìnrin má rìn?

Ọmọ Ìjẹ̀bú lèmi náà, obìnrin sì ni mí. Agẹmọ, òòṣà Ìjẹ̀bú tí obìnrin kì í wò, mẹ́rìndínlógún wọn ló ń lọ sí Ìmòsàn, mi ò rí i rí, mi ò sì fẹ́ rí i, ilé ni mo máa ń jókòó sí, mo máa ń fi ọjọ́ náà se ìkókọrẹ́. Ìfẹ́ inú mi nìyẹn. Ṣùgbọ́n abala 41 ìwé òfin fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà ní ẹ̀tọ́ láti rìn, abala 38 sì fún àwọn oníṣẹ̀ṣe ní ẹ̀tọ́ ẹ̀sìn tiwọn, méjèèjì ló jẹ́ òfin. Kò sí àṣà tó fún ẹnikẹ́ni láṣẹ láti na èèyàn tàbí láti dá obìnrin tó ń rọbí dúró lọ́nà ilé ìwòsàn. Ẹ tètè béèrè ọjọ́ àti ọ̀nà tí wọ́n máa gbà, tẹ́ ẹ bá sì ní aláìsàn tàbí aboyún nílé, ẹ jẹ́ kí baálẹ̀ àti ọlọ́pàá mọ̀ ṣáájú.

Ṣé a lè mọ iye tí wọ́n ná sórí iṣẹ́ kan ládùúgbò wa?

Ẹ lè mọ̀ ọ́n. Ẹ kọ lẹ́tà lábẹ́ òfin FOI ti 2011, òfin tó fún aráàlú lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ìwé ìjọba, ọjọ́ méje ni wọ́n ní láti dá yín lóhùn. Àwọn ìpínlẹ̀ kan ti ń sọ pé òfin yẹn ò kan àwọn, títí di oṣù Kẹrin 2025 tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ó kan gbogbo wọn. Ẹ ò ní láti sọ ìdí tẹ́ ẹ fi fẹ́ mọ̀.

Káàdì ìdìbò àti NIN, èló?

Ọ̀fẹ́ ni ìforúkọsílẹ̀ méjèèjì. Ẹni tó bá ti pé ọdún 18 kó lọ gba PVC ẹ̀.

Tí Ọ̀nọ́rébù ò bá ṣe dáadáa ńkọ́?

Ó ń rẹ́rìn-ín nígbà tí mo ní mo máa fi èyí sí i. Ẹ lè pè é padà wálé kí ọdún mẹ́rin tó pé. Abala 110 ìwé òfin ilẹ̀ wa ni: kí àwọn tó lé ní ìdajì olùdìbò àgbègbè náà buwọ́ lùwé ránṣẹ́ sí INEC, àjọ tó ń ṣètò ìdìbò, INEC á ṣe ìdìbò láàárín ọjọ́ 90, tí èyí tó pọ̀ bá ní kó máa bọ̀, ó ń bọ̀ nìyẹn. Ó le o, ìbuwọ́lùwé yẹn kì í ṣe kékeré. Àmọ́ tọ́mọ yín bá ti pé ọdún 25, òun náà lè du ipò yẹn, òfin 2018 ló já a wálẹ̀ láti 30.

Kí la máa mú dání tá a bá ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín?

Ẹ̀dà ìwé yín, ẹ má gbé ojúlówó wá. Ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀, ibi tó ṣẹlẹ̀, orúkọ ẹni tẹ́ ẹ bá sọ̀rọ̀. Tẹ́ ẹ ò bá lè kọ ọ́, ẹ sọ ọ́, mo máa bá yín kọ ọ́, mo sì máa kà á sí yín létí kẹ́ ẹ tó tẹ̀ka. A ò gba kọ́bọ̀. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ fún òun ní nǹkan kó tó mú ìwé yín wọlé, ẹ bi í lórúkọ, kẹ́ ẹ wá sọ fún mi. Gàrí tí màmá kan láti Àtàn gbé wá lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ti bá wọn gbé e padà sínú ọkọ̀, wọ́n bínú, wọ́n ní mo rí wọn fín, mo bẹ̀ wọ́n títí. Gàrí náà sì kan dáadáa, a máa ta lẹ́nu.